Ìdérí Irin Odomèta

Ṣàngódélé ni ó ra ẹ̀rọ náà. Ọyáfúnkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ni ẹ̀rọ náà gé ní ìka mẹ́ta.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí àwọn ará Odomèta bá ń sọ ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n á ní obìnrin kan ni inú ń bí nítorí èkùrọ́, tí ó lọ tú ẹ̀rọ ọkọ rẹ̀ kí ó lè bàjẹ́, tí ẹ̀rọ sì bù ú jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́ fún àlejò, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́ fún ọmọ. Irọ́ ni. Yàtọ̀ sí obìnrin náà fúnra rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni ó mọ̀ dájú pé irọ́ ni, ẹni náà sì ti gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sílé.

Barnabé ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí àwọn Faransé ṣì ń ṣe ìjọba, òun ni ó ń tajà fún ilé-iṣẹ́ òyìnbó kan ní Àjàṣẹ́, gbogbo abúlé tó yí Kétu ká ló sì ń pè é ní Mùsé. Àpótí oògùn máa ń wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀: oògùn aràn, oògùn ibà, àti òróró funfun kan tó ń ta sánsán, tí ó ní ó ń wo egbò, ìrora eegun àti ikọ́ pa pọ̀. Ọkọ̀ ẹrù ni ó ń kó àwọn ẹ̀rọ tẹ̀lé e: èyí tí ń bó àgbàdo, èyí tí ń fún epo, èyí tí ń pa èkùrọ́.

Ẹ̀rọ ìpèkùrọ́ yìí ní ìdérí irin tí wọ́n fi ń bo ikùn rẹ̀, kí ọwọ́ má baà kan kẹ̀kẹ́ tó ń yí nínú. Ṣùgbọ́n àwọn ará oko kì í ra ohun tí wọn kò rí inú rẹ̀. Wọ́n á ní kí ló wà níbẹ̀ tí wọ́n fi bò ó. Nítorí náà, níbikíbi tí Mùsé bá ti ń tajà, á kọ́kọ́ yọ ìdérí náà, á gbé e sókè kí gbogbo ènìyàn rí i, á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á wá máa yí ẹ̀rọ kí wọ́n rí bí èkùrọ́ ṣe ń lu ògiri irin tí èèpo rẹ̀ ń fọ́. Ìgbà náà ni wọ́n á tó máa mi orí.

Ní ilẹ̀ wa, bí a bá se eyìn, epo ni ti ọkọ, èkùrọ́ sì ni ti ìyàwó. Òun ni yóò fi òkúta pa á, òun ni yóò tà á, inú rẹ̀ ni yóò ti ra iyọ̀ àti aṣọ, inú rẹ̀ ni yóò ti ṣe ojúṣe rẹ̀ bí òkú bá ṣẹlẹ̀ nílé bàbá rẹ̀. Ọkọ kì í bèèrè. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ṣàngódélé ra ẹ̀rọ, ó ní ẹni tó ni ẹ̀rọ ló ni ohun tí ẹ̀rọ bá pa. Ọyáfúnkẹ́ dúró láàárín agbo ilé, ó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, gbogbo ènìyàn gbọ́. Ohun tí wọ́n gbọ́ yìí ni wọ́n fi dè é lẹ́yìn náà.

Marcellin ọmọ rẹ̀ ni ó ń yí ọwọ́ ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà. Ó ti dé láti ilé-ìwé, ìyá rẹ̀ sì ní kó wá ràn òun lọ́wọ́. Èkùrọ́ kan há. Ìyá ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ láti yọ ọ́, ọmọ kò rí i, ó ń wo àwòrán erin tó wà lára irin ẹ̀rọ náà, erin tó gbé ọwọ́-ìjà rẹ̀ sókè. Ó ṣì ń yí i nígbà tí ìyá rẹ̀ pariwo.

Mùsé Barnabé, tó ń tajà nítòsí lọ́jọ́ náà, gbọ́, ó gbé òróró funfun wá, ó fi wẹ ọwọ́ náà, kò sì gba nǹkan kan. Gbogbo agbo ilé ń yìn ín. Lẹ́yìn náà ni Ṣàngódélé bi í pé ṣé ẹ̀rọ yìí kò ní ìbòrí ni. Barnabé wo ẹ̀rọ, ó wo àwọn ènìyàn, ó ní, “Mo gbé e fún yín pẹ̀lú ìdérí rẹ̀. Ẹni tó bá yọ ọ́ ló mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe.”

Wọ́n rántí pé lóòótọ́ ni àwọn rí ìdérí kan lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó ń tà á. Kò sẹ́ni tó rántí ibi tó gbé e sí. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Ọyáfúnkẹ́. Ó ní òun kò rí ìdérí kankan rí. Kí oṣù náà tó parí, Ṣàngódélé ti kó ẹrù rẹ̀ síta.

Ọyáfúnkẹ́ padà sí ilé àwọn bàbá rẹ̀ ní Kpankou, ọmọ sì tẹ̀lé e. Kò sí ilé-ìwé ní Kpankou nígbà náà. Bí ìwé Marcellin ṣe parí nìyẹn. Ní gbogbo ìgbà tí Barnabé bá ń kọjá, á gbé ìgò òróró kan kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọn, á sì máa lọ. Ọyáfúnkẹ́ kì í ṣí i. Ó ń tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, èyí tó ti pẹ́ ń fi eruku bora, tuntun sì ń dé bá a. Àwọn aládùúgbò ní inú obìnrin yìí mà le o, ẹni tí ènìyàn ń ṣe lóore tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé ó yẹ kí ènìyàn gbàgbé. Àwọn tí a kò ṣẹ̀ rí ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀. Marcellin kò gbàgbé. Ó dàgbà, ó kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ìlọ̀gbàdo ní Kétu, ìlú gba òmìnira, àsíá Faransé wá sílẹ̀, kò tíì jẹun nílé bàbá rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Bí ó bá ń gba Odomèta kọjá, kì í kí ẹnikẹ́ni. Àdúgbò tí ó gbọ́ pé Barnabé ń gbé ní Kétu, kì í dé ibẹ̀, bí ọ̀nà ibẹ̀ tilẹ̀ yá jù.

Ní ọdún kẹta òmìnira, páìpù èéfín ẹ̀rọ rẹ̀ jó o lápá. Ọ̀gá rẹ̀ fi dandan lé e pé kó lọ sí ilé ìwòsàn. Níbẹ̀ ni ó ti bá ọmọbìnrin kan pàdé, tó wọ aṣọ funfun, tó ń di egbò fún àwọn ènìyàn. Ọmọbìnrin náà ní kó na ọwọ́. Ó gbé ìgò kan, kó tó ṣí i tán òórùn rẹ̀ ti dé imú Marcellin, ó sì fa apá rẹ̀ sẹ́yìn.

“Mi ò fẹ́ òróró,” ó wí.

“Ẹ̀gbọ́n,” ni ọmọbìnrin náà wí, “ẹ gbá páìpù gbígbóná mọ́ra bí ìyàwó, òróró tútù wá ń bà yín lẹ́rù?”

Àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Marcellin kò rẹ́rìn-ín. Ó ní láti kékeré ni òun kò ti fẹ́ gbọ́ òórùn náà. Ọmọbìnrin náà wò ó, ó pa ìgò dé, ó wọ yàrá ẹ̀yìn, ó sì gbé ọ̀rá kan tí kò ní òórùn wá. Kò bi í ní ìdí. Àìbéèrè yìí ni ó mú Marcellin lọ́kàn. Gbogbo ènìyàn tó ti mọ̀ ló máa ń bèèrè.

Victorine ni ó ń jẹ́. Pobè ni ó ti dàgbà lọ́dọ̀ Táńtì Agathe, àbúrò bàbá rẹ̀, tó jẹ́ agbẹ̀bí, kò sì tíì pẹ́ tí ìjọba gbé àwọn méjèèjì wá sí Kétu. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àgbàdo wá sọ́dọ̀ Marcellin. Á dúró títí gbogbo ènìyàn á fi lọ àgbàdo tiwọn tán. Nígbà kan Marcellin tọwọ́ bọ inú abọ́ rẹ̀, ó ní, “Èyí ti kúnná bí àtíkè. Ṣé kí n tún un lọ̀ ni?”

“Ẹ tún un lọ̀. Bàbá mi kò ní eyín.”

“Lọ́sẹ̀ tó kọjá o ní eyín rẹ̀ le, ẹran ni kò rí jẹ.”

“Ẹ̀yin náà ẹ máa ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ mi tó báyìí?” Ó sì wo ẹ̀gbẹ́ kan kí ó má baà rí i pé òun ń rẹ́rìn-ín.

Bẹ́ẹ̀ ni àgbàdo wọn ń kúnná sí i, títí òjò fi dé tó sì lọ. Marcellin sọ fún un pé ìyá òun wà ní Kpankou, pé ọwọ́ rẹ̀ kò pé. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Victorine ní bàbá òun ti ṣòwò rí, pé ó ti darúgbó báyìí, kì í jáde. Òun náà kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà tó yá, kò pe Marcellin ní ẹ̀yin mọ́. Nígbà tí Marcellin ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ, ó ní kó lọ bá Táńtì Agathe, nítorí òun kì í ṣe ọmọ tí kò ní alárinà.

Agathe kò dúró dìgbà tí ó wá. Òun fúnra rẹ̀ ni ó wá sí ìdí ẹ̀rọ, ó jókòó lórí àpò àgbàdo, ó ń fi ìborùn fẹ́ ara rẹ̀. Ó ní ojú òun ti ń wò ó, pé òun kò rí àbùkù kan, àfi pé kì í rẹ́rìn-ín dáadáa. Ó ní ó yẹ kó mọ ilẹ̀kùn tí ó fẹ́ kàn. Ẹ̀gbọ́n òun ni Barnabé, ẹni tí ó ń ta ẹ̀rọ àti oògùn kiri fún àwọn òyìnbó nígbà kan rí.

Àgbàdo ṣì wà lẹ́nu ẹ̀rọ nígbà tí Marcellin pa ẹ̀rọ náà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Agathe, ó ní òun yóò ránṣẹ́, kò sì ránṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, kò gba ọ̀nà ilé ìwòsàn. Nígbà tí kò bá ń ṣiṣẹ́, á jókòó máa wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ń bi ara rẹ̀ bóyá nítorí ìyá òun ni òun fi kórìíra Barnabé tó báyìí, tàbí nítorí pé bí kò bá sí Barnabé láti kórìíra, ẹni tó kàn ni ọmọ tó ń yí ẹ̀rọ. Ó ń rántí Victorine, ó sì ń bínú sí ara rẹ̀ pé òun ń rántí rẹ̀.

Victorine fúnra rẹ̀ ni ó wá. Kò gbé àgbàdo dání.

“Bí o kò bá fẹ́ mọ́,” ó wí, “kí o sọ ọ́ kí n gbọ́. Má jẹ̀ẹ́ kí n máa kà á lójú Táńtì.”

Marcellin wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ẹ̀rọ, ìdérí, ohun tí bàbá Victorine sọ láàárín agbo ilé. Victorine dúró, ó gbọ́ ọ tán. Ó ní bàbá òun kì í lé aláìsàn padà, pé títí di òní bí ènìyàn bá kan ilẹ̀kùn rẹ̀, á fún un lóògùn lọ́fẹ̀ẹ́.

“Ó fún ìyá mi náà lọ́fẹ̀ẹ́,” Marcellin wí. “Ìgò rẹ̀ kún ẹ̀gbẹ́ ògiri wa.”

“Ọmọdé ni ọ́ nígbà náà. O lè má rántí dáadáa.”

“Victorine, èmi ni mò ń yí i.”

Victorine ní kó wá kí bàbá òun, kó má ṣe wá bí ọkọ, kó wá bí ènìyàn tó wá kí arúgbó. Bí ó bá rí i tán tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì yí padà, òun yóò gbọ́ ọ.

Agathe ni ó mú un wọ ilé Barnabé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Barnabé jókòó sórí àga lábẹ́ òrùlé, ó ti rù, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, àpótí oògùn àtijọ́ sì wà lábẹ́ àga rẹ̀ bí ajá tó ń sùn. Ó kí àlejò dáadáa, ó ní kí wọ́n fún un lómi. Ó bi í pé ọmọ ta ni.

“Ọmọ Ṣàngódélé ní Odomèta. Ọyáfúnkẹ́ ni ìyá mi.”

Ọwọ́ Barnabé dúró lórí orúnkún rẹ̀. Ó ní, “Ọwọ́ ìyá rẹ ńkọ́?”

“Bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀ náà ló wà.”

Marcellin yíjú kúrò lára arúgbó náà, ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí àwọn adìẹ tó ń mu omi lẹ́bàá ìkòkò. Abọ́ irin ni wọ́n fi ń mu ún, abọ́ tó tẹ̀ bí ìdajì igbá, tí ó ní ihò ní igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹnì kan ti fi ìda oyin dí àwọn ihò náà kí omi má baà jò. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, erin kan gbé ọwọ́-ìjà rẹ̀ sókè.

Ó gbé omi tí wọ́n fún un sílẹ̀ láì mu ún, ó dìde. Victorine bá a dé ẹnu ọ̀nà.

“Abọ́ adìẹ yín yẹn,” Marcellin wí, “níbo lẹ ti rí i?”

“Mo bá a nílé ni. Ìyá mi ló fi í lélẹ̀ fún wọn kó tó kú. Kí ló dé?”

“Òun ni ìdérí ẹ̀rọ wa.”

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Agathe mú ìdáhùn Barnabé lórí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó náà wá, ojú sì ń tì í bó ṣe ń jíṣẹ́ náà. Barnabé ní òun kò ní fi ọmọ sí ilé Ṣàngódélé, nítorí ilé tí wọ́n ti ń lé ìyàwó síta ni. Marcellin gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì ba Agathe lẹ́rù. Ó wù ú kó dúró láàárín ọjà Kétu kó kígbe ohun tí ó rí. Victorine ránṣẹ́ pé bí ó bá fẹ́, àwọn lè jọ lọ sí Kútọnu, kí àwọn fi àwọn arúgbó sílẹ̀ pẹ̀lú ìjà wọn. Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ ọ́ lára. Ó gun kẹ̀kẹ́, ó lọ sí Kpankou láti lọ sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ń lọ.

Ó bá Ọyáfúnkẹ́ níbi tó ti ń pa èkùrọ́. Ọwọ́ òsì ni ó fi mú òkúta, ó fi ìka méjì tó kù lọ́wọ́ ọ̀tún di èkùrọ́ mú sórí ọlọ. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò dá iṣẹ́ dúró.

“Ọmọ náà,” ó wí, “ṣé ó máa ń rẹ́rìn-ín?”

“Yẹ̀yẹ́ ló ń fi mí ṣe.”

“Ó dára. O nílò rẹ̀.” Ó gbọn èèpo kúrò lórí ọlọ. “Ṣé òun lò ń wá, tàbí bàbá rẹ̀?”

Marcellin ní kí ni ìtumọ̀ ìyẹn.

“O gbọ́ mi. Bí o bá mú un lọ sí Kútọnu, bàbá rẹ̀ ni o jí. Ní gbogbo ọjọ́ tí o bá wo ojú rẹ̀, ojú Barnabé ni wàá máa rí.” Ó gbé òkúta sílẹ̀. “Àti ìwọ náà. Èmi ni mo ní kí o máa yí i. O kò rí ọwọ́ mi, mo mọ̀. Mi ò bi ọ́ léèrè rí, mi ò sì ní bi ọ́. Sọ ẹrù yẹn kalẹ̀.”

Marcellin yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí àwọn ìgò náà wà, ó sì pẹ́ kó tó lè yí i padà.

Ọyáfúnkẹ́ ní òun kò kọ ọmọ náà. Ṣùgbọ́n ní ìdílé wọn, lẹ́nu ọ̀nà ilé bàbá ọkọ ni ìyá ọkọ ti ń wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó kó tó wọlé. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan lé òun kúrò lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Òun kò ní padà síbẹ̀ bí olè láti wẹ ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. “Mi ò ní kí Barnabé dọ̀bálẹ̀ fún mi,” ó wí. “Kí ó lọ sí ibi tí ó ti sọ ti àkọ́kọ́, kí ó sọ òótọ́ níbẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ọwọ́ yìí ni màá fi wẹ ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀.”

Marcellin gbé ọ̀rọ̀ náà padà fún Victorine bó ṣe rí. Ó ní òun kò ní bẹ bàbá rẹ̀, òun kò sì ní jí Victorine gbé. Bí bàbá kò bá sọ ọ́, a jẹ́ pé kò sí ìgbéyàwó. Victorine ní, “Orí kunkun rẹ yìí,” kò sì parí rẹ̀. Ó yí padà, ó lọ.

Ọyẹ́ dé. Victorine kò gbé àgbàdo wá mọ́. Marcellin ń lọ àgbàdo fún gbogbo Kétu, ó ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé ìyẹ̀fun rẹ̀ kò kúnná bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó rò pé ó ti parí. Àwọn ìgbà kan wà tí ó ń kọrí sí ilé ìwòsàn láì mọ̀, tí á sì ṣẹ́rí padà ní ìdajì ọ̀nà.

Ẹnu Agathe ni ó ti wá gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ tí Marcellin jíṣẹ́ ìyá rẹ̀, Victorine délé, ó da omi adìẹ nù, ó fi ọ̀bẹ yọ ìda oyin kúrò nínú àwọn ihò, ó fi eérú àti iyanrìn fọ irin náà títí erin rẹ̀ fi ń dán. Ó gbé e kalẹ̀ níwájú àga bàbá rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá jí, á kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀, á gbé oúnjẹ fún un, á bi í bí ara rẹ̀ ṣe rí, á lọ síbi iṣẹ́. Kò sọ ohunkóhun nípa irin náà. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e kúrò níbẹ̀. Barnabé ní kí wọ́n gbé àga òun lọ síbòmíràn. Nígbà tí Victorine dé láti ibi iṣẹ́, ó gbé irin náà tẹ̀lé àga.

Agathe ní nígbà àkọ́kọ́ Barnabé bínú, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá irin náà sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀. Ní àárọ̀ yìí ó ti ní kí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí táyà kẹ̀kẹ́ òun. Ó sì ní kí Marcellin lọ mú ìyá rẹ̀ wá sí Odomèta.

Ọyáfúnkẹ́ wọ aṣọ rẹ̀ tó dára. Ó kó gbogbo ìgò òróró náà sínú agbọ̀n láti dá wọn padà fún Mùsé, ó ní kí Marcellin so ó mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Àwọn ìgò náà ń dún ní gbogbo ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n dé agbo ilé Ṣàngódélé, kò wọlé. Ó bèèrè omi, wọ́n fún un nínú igbá, ó gbé e kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó tì í.

Àwọn ará ilé jáde, wọn kò mọ bí wọ́n ṣe máa kí i. Ṣàngódélé jáde pẹ̀lú ọ̀pá, ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, etí rẹ̀ sì ti kú díẹ̀. Ó béèrè ta ni. Wọ́n pariwo orúkọ rẹ̀ sí i létí. Arúgbó náà ní kí wọ́n gbé àga fún un. Ọyáfúnkẹ́ ní ibi tí òun wà dára.

Barnabé dé nígbà tí oòrùn ti ń rọ̀. Kò lè gun kẹ̀kẹ́ náà tán, ó ń tì í, irin náà sì wà lẹ́yìn rẹ̀ níbi tí àpótí oògùn máa ń wà tẹ́lẹ̀. Victorine ń rìn lẹ́yìn rẹ̀. Ó fẹ́ bá bàbá rẹ̀ gbé e, bàbá náà kọ̀.

Ẹ̀rọ náà ṣì wà lábẹ́ igi ọ̀sàn, ó ti dípẹtà, adìẹ ń sùn lórí rẹ̀. Barnabé lé wọn kúrò. Ó gbé irin náà lé ikùn ẹ̀rọ, ó rọra tì í síwájú díẹ̀, ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì bá ihò mẹ́rin tó wà lára ẹ̀rọ mu. Erin méjì gbé ọwọ́-ìjà wọn sókè sí ara wọn. Àwọn ará ilé sún mọ́ ọn. Ẹnì kan ní, “Háà.”

Barnabé jókòó sórí gbòǹgbò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí iṣẹ́ òyìnbó ṣe le nígbà náà, bí oòrùn ṣe máa ń pa á lójú ọ̀nà, bí ọ̀gá tó wà ní Àjàṣẹ́ ṣe máa ń lé ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ohun kékeré.

“Mùsé,” ni Ọyáfúnkẹ́ wí láti ẹnu ọ̀nà, ohùn rẹ̀ kò le, “mi ò wá gbọ́ ti oòrùn ayé àtijọ́.”

Barnabé wo ọmọ rẹ̀. Victorine kò yí ojú rẹ̀ kúrò. Bàbá náà bá sọ ọ́, ó sọ ọ́ sí àyà ara rẹ̀, àwọn tó sún mọ́ ọn nìkan ló gbọ́.

Ṣàngódélé fi ọwọ́ sẹ́yìn etí. “Kí ló wí?”

Marcellin gbé ẹsẹ̀ síwájú. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọdé ni ó ti ń dúró de ọjọ́ tí yóò kígbe ọ̀rọ̀ yìí sí etí bàbá rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ti dé ọ̀fun rẹ̀. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ bà á lápá, ìka méjì, ó dì í mú.

“Kì í ṣe ẹnu rẹ,” ó wí.

Barnabé dìde. Ó bọ́ fìlà. Ó rìn dé iwájú Ṣàngódélé, ó dúró níbi tí ó dúró sí nígbà tó sọ ti àkọ́kọ́, ó sì gbé ohùn sókè tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó wà ní agbo ilé kejì fi yọjú.

“Mo ní ìyàwó rẹ kò yọ ọ́. Mo yọ ọ́ kí ẹ lè rí inú ẹ̀rọ, mo gbàgbé, mo kó o mọ́ ẹrù mi lọ sílé. Mo ní màá gbé e wá lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ gé, ẹ̀rù bà mí. Mo purọ́ mọ́ ọn. Ọyáfúnkẹ́ kò fọwọ́ kan ìdérí yìí rí. Èmi ni mi ò gbé e wá.”